Imú Tí Kò Mí

Gbéesókè ni gbogbo ènìyàn ń pè é, débi pé àwọn mìíràn rò pé orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Mẹkáníìkì ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ló ti ń káàkiri ìlú, tó ń kan ilẹ̀kùn àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ imú tí òun fi sára ọkọ̀ wọn. Àwọn kan ti ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan dúró lẹ́nu géètì, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Gbéesókè, ìwọ lo fi imú sí i, ìwọ lo tún fẹ́ yọ ọ́? Ṣé àgbọ̀n rẹ̀ lo máa wá mú lọ́la?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ihò lẹ́yìn rẹ̀ ni."

Bí ènìyàn bá ní jíìpù kékeré, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pọ̀, tó sì fẹ́ kó lè gun òkè, kó la ẹrẹ̀ kọjá, kí ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tó ń wá ìjà, ọ̀dọ̀ Gbéesókè ni yóò gbé e lọ. Yóò pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀ sí èyí tó gùn, kí ikùn ọkọ̀ lè jìnnà sí òkúta. Yóò gé ara ọkọ̀ níbi tí táyà ńlá bá ti ń họ ọ́. Yóò jó irin tó nípọn mọ́ iwájú, yóò sì fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn èyí ló kan imú: páìpù dúdú kan tó ti ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gùn dé òrùlé, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí láti òkè bí omi bá mu ọkọ̀ dé àyà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé jíìpù wá kò ní odò kankan í wọ̀. Láti ilé dé ibi iṣẹ́, lórí ọ̀dà, ni ìrìn wọn mọ. Ìrísí ni wọ́n ń wá. Gbéesókè ní imú tiwọn náà: páìpù kan náà, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì rárá. Nínú ṣọ́ọ̀bù, "imú ọjọ́ Àìkú" ni wọ́n ń pè é, torí ìmúra ló wà fún. Olùkọ́ kan tó fẹ́ràn oge ló kọ́kọ́ ní jíìpù funfun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé, "Má dá ihò sí ọkọ̀ mi lára o. Ẹwà ni mo fẹ́." Gbéesókè ṣe é bó ṣe wí. Kò parọ́ fún un.

Olùkọ́ ta ọkọ̀ náà, kò sì rántí sọ ohun tí imú jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé òdìkejì odò ló rà á. Ní àsìkò òjò, ó dé etí odò, ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà létí omi rí i tó ń wo omi, tó tún ń wo imú ọkọ̀. Ó padà sínú ọkọ̀, ó sì wọ odò. Àárín omi ni ẹ́ńjìnnì ti mumi kú. Odò dojú jíìpù dé, ó sì gbé nọ́ọ̀sì lọ.

Gbéesókè kẹ́dùn bí gbogbo ìlú ti kẹ́dùn. Ìgbà tí wọ́n fa ọkọ̀ náà wọ àgbàlá rẹ̀, tí ẹrẹ̀ gbígbẹ bò ó látòkè délẹ̀, ló rí nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ ara rẹ̀ gé lórí kí olè má baà tú u. Imú ọjọ́ Àìkú ni.

Ìyá nọ́ọ̀sì ló tẹ̀lé ọkọ̀ wá, obìnrin àgbà tó fi ayé rẹ̀ ṣe agbẹ̀bí.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, màmá."

"Bá mi tún un ṣe, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì tuntun ti dé, àwọn abúlé ń retí. Ọ̀fọ̀ kẹ̀? Oríkunkun ni. Ọ̀gá ilé ìwòsàn wọn sọ ọ́ ní ìpàdé, níṣojú mi, pé ọmọ mi fojú ara rẹ̀ rí ikú, ó sì rìn wọ inú rẹ̀. Kí ni kí n fi dáhùn? Láti kékeré ni kì í gbọ́rọ̀. Inú ń bí mi sí i tó bẹ́ẹ̀ tí omijé kò jáde."

Gbéesókè gbà láti tún un ṣe. Ó ní kí màmá lọ sinmi.

Odò ti gba ìbòrí orí imú náà lọ, ẹnu páìpù ṣí sílẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ bá fẹ́ kọjá lórí rẹ̀, á dún húù, ohùn gígùn kan bí ẹni tó ń pe ẹlòmíràn láti ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó Gbéesókè, tó ń rán awọ ìjókòó ọkọ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Baálé mi, ta ló ń ké?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

Afẹ́fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀: páìpù tó bá já sí ibì kan kì í ké bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí nìkan ló ń ké, bí ẹni fẹnu fẹ́ ìgò. Ó ki àkísà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó wẹ̀yìn, ó rí i bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, ó sáré yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti gbé máṣíìnì lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Gbéesókè sọ gbogbo rẹ̀ fún un níkẹyìn.

"Dá ihò sí i báyìí," ni ìyàwó wí. "So ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tuntun má baà kú. Kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ìwọ nìkan kọ́ lò ń jẹun nínú ilé yìí o."

Òótọ́ ló sọ. Gbéesókè gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ihò sí irin, ó gbé e kalẹ̀. Ihò náà yóò gba alààyè là. Ṣùgbọ́n òkú yóò máa jẹ́ alágídí lẹ́nu ìyá rẹ̀ títí láé.

Màmá padà wá wo iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́, páìpù ké. Ó gun orí àpótí kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ohùn náà dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún ké.

"Kí ló dí i?"

"Ẹrẹ̀ ni, màmá. Odò ló kó o sí i."

"Odò." Ó fọwọ́ gbá páìpù náà jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti ń gbá ọmọ tuntun lẹ́yìn. "O rí i? Mo sọ fún ọ, o ò gbọ́. O ò gbọ́ rárá." Kì í ṣe Gbéesókè ló ń bá wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ti dé ìta kí Gbéesókè tó sáré bá a. "Màmá, ẹ dúró. Odò kọ́. Èmi ni."

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó ní kó fi han òun. Gbéesókè tú páìpù náà níṣojú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà funfun ń dán gbinrin, ibi kan ṣoṣo tí ẹrẹ̀ odò kò dé lára ọkọ̀ náà. Obìnrin náà fi ìka wá ihò níbẹ̀, ó wá a lọ sókè, ó wá a wá sísàlẹ̀.

"Ó sọ̀ kalẹ̀ wo omi," ló wí. "Wọ́n ní ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wò ó, ó sì ronú." Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí táyà, ó sunkún.

Nígbà tó yá, ó nu ojú.

"N kò ní sọ pé mo foríjì ọ́. N kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn máa pàdé láti gba ọkọ̀ yìí. Wàá wá síbẹ̀, wàá sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi."

"Wọ́n lè fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, màmá."

"Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Gbéesókè ti dá ihò sí jíìpù funfun náà, imú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn oníbàárà tó ń kan ilẹ̀kùn wọn, àwọn díẹ̀ ti gbà, oníṣòwò sìmẹ́ńtì kò gbà. Ìyàwó rẹ̀ bínú títí di àná, kó tó bi í pé ẹ̀wù wo ni yóò wọ̀, torí òun fẹ́ lọ̀ ọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé, nínú yàrá tí àwọn aláboyún ti máa ń dúró de dókítà. Màmá ti ránṣẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.