Orúkọ Tó Wà Lórí Pátákó

Odó ń dún gbì, gbì, lẹ́yìn ilé ìdáná, eruku èédú sì ń wọ̀ wá nímú. Bàbá àgbà ń gún èédú pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀gẹ́ tútù títí oje rẹ̀ fi dúdú, tó sì ń yọ̀. Òun ló ń tọ́jú kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń fi oje náà kun àwọn pátákó ìkọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá láti Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n sì ti lọ tán.

Bí ìyá àgbà bá ní kó fi í sílẹ̀ kó wá lọ sóko, á dá a lóhùn pé, "Bí wọ́n bá padà dé, ṣé ara ògiri ni kí wọ́n kọ̀wé sí?"

Yàrá kan ṣoṣo ni kì í kùn. Ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kẹ́yìn níbẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí pátákó rẹ̀, ó sì ti nawọ́ sí i pé, "Bàbá, orúkọ yín rèé nísàlẹ̀." Bàbá kò mọ̀wé. Síbẹ̀, bó bá parí iṣẹ́, á lọ dúró níwájú orúkọ náà, á sì ṣí fìlà.

Èmi kò mọ̀ nípa èyí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Ní ọjọ́ kan tí ẹ̀yìn ń dun Bàbá, mo gbé igbá oje, mo kun pátákó yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì sáré lọ pè é.

Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. "Ta ló ní kó o kun eléyìí?"

"Kò dúdú bí àwọn yòókù, Bàbá. Mo ní kí n bá yín ṣe é."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀." Ó mú àjẹkù ṣọ́ọ̀kì kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Kọ ọ́ padà."

N kò mọ̀ ọ́n kọ. Òun náà kò mọ̀ ọ́n kọ. Àwa méjèèjì ń wo pátákó dúdú náà. Nígbà tó yá, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu oje dúdú kúrò lójú mi.

"Ojú tìrẹ gan-an ti di pátákó," ni ó wí. "Jẹ́ ká lọ jẹun kí tíṣà kan tó wá kọ̀wé sí i."

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń kun pátákó yàrá náà pọ̀ mọ́ ìyókù.

Mo ti dàgbà kí n tó padà sídìí ìwé. Ní kíláàsì àwọn àgbà tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń nu pátákó. N kì í mú aṣọ ìnupátákó títí n ó fi ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Bí mo bá rí orúkọ ènìyàn, mo máa ń nu àyíká rẹ̀, n ó sì fi orúkọ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.