Ìtàn Tí Mo Kọ fún Ìyá Ẹ̀yìnkùlé

Òórùn yíǹkì ò tíì kúrò lára ìwé náà lọ́jọ́ tí mo gbé e dé agboolé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, mo sì ń yan bí ẹni tó ṣe nǹkan ńlá. Ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé ló kú, èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ìyàwó bàbá bàbá mi. Kò bímọ. Gbogbo wa ló pọ̀n dàgbà, ó mọ oríkì wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí fẹ́ tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ, kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó ti wá. Àwọn kan ní Ìjẹ̀bú, àwọn kan ní Ọ̀yọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní inú ilé wa ni wọ́n bá a nígbà tí wọ́n ra ilé náà.

Olórí ẹbí nawọ́ sí mi. "Ìwọ lo kàwé. Lọ kọ ọ́ wá."

Èmi tí mo sá kúrò ní girama ní kíláàsì kejì! Mo wá ìwé ìsìnkú ìyá olówó kan, mo dà á kọ látòkè délẹ̀. Báyìí ni ìyá wa ṣe di ọ̀gá iléèwé tó ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbàgbé láti yọ ibi tó ti jẹ́ olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n kà á síta, ààfáà àgbà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á forí jì í." Gbogbo ilé ní, "Àmín!" Fọ́tò kan ṣoṣo tó yà, ẹ̀yìn ìkòkò ìrẹsì ni orí rẹ̀ ti yọ, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi jọ ẹlòmíràn, wọ́n wá kọ "Màmá Rere" sábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á nà mí. Ẹkún ni wọ́n ń sun. Bọ̀ọ̀dá kan tí kò dé ẹnu ọ̀nà iléèwé rí dìde: "Òun ló kọ́ mi ní ABD! Àpá ẹgba rẹ̀ ṣì wà nídìí mi!"

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mò ń pín omi inú ọ̀rá, nígbà tí ìyá arúgbó kan dé, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó wo fọ́tò, ó wojú mi.

"Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ mi ni mo wá ṣàdúrà fún. A jọ ń rẹ aṣọ láró ní Jankara ni. Òun ò mọ̀wé o. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wó ilé ọkọ rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ilé ti sá tán, òun ló jókòó síwájú kátapílà, ó ní kí wọ́n gun òun kọjá. Ṣé ibí kọ́ ni?"

Mo wo ògiri ilé wa. Mo wo àwọn ẹbí mi tí wọ́n ń ṣàmín. Ojú tì mí.

"Ibí kọ́, mà," ni mo wí. "Ẹ ti ṣìlé."

"Háà! Ẹ má bínú. Ọlọ́run á tẹ́ tiyín náà sí afẹ́fẹ́ rere." Ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo jẹ́wọ́ fún olórí ẹbí. Ó ní: "Ọ̀gá iléèwé la ti ṣàdúrà fún. Ṣé ká lọ gbàdúrà padà ni?"

Ó ti di ọdún mẹ́ta. Mo ti wá ìyá aláró yẹn ní Jankara títí, n kò rí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi ọ̀gá iléèwé wa yangàn ní kíláàsì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni òtítọ́ ti bá a, èmi ni mo sì sọ fún un pé ó ṣìlé.