Bí Màmá Rọra Ṣe Rí Ìwé Àtilọ Wo Eré Ìje Mọ́tò

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọwọ́ tó ń ka eré nínú ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ogójì. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì kan, àga mẹ́fà, àwòrán àmì ojú pópó tí oòrùn ti gba àwọ̀ ara rẹ̀ tán, àti mọ́tò funfun kékeré kan níta tó ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́. Bíréèkì ti olùkọ́ yìí kì í sinmi. Bàtà ọ̀tún obìnrin náà máa ń gbó ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ti òsì. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ló sì máa ń kẹ́yìn iṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sáré díẹ̀, "Rọra." Bó bá fẹ́ dúró, "Rọra dúró." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Màmá Rọra nìyẹn, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Màmá Rọra a ti ilẹ̀kùn pálọ̀, a bọ́ bàtà, a sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti wo eré ìje mọ́tò: àwọn mọ́tò pẹlẹbẹ tí ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbo ilẹ̀, tí wọ́n ń sáré bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Ó mọ gbogbo awakọ̀ lórúkọ. Ó mọ ẹni tó máa ń pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ó mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e, ó sì máa ń mọ̀ pé táyà ti tó pààrọ̀ kí àwọn tó ni mọ́tò tó mọ̀.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Fún ọdún gbọọrọ ni bàbá yìí fi rò pé ìwàásù ni ìyàwó òun ń wò nínú pálọ̀, torí ó máa ń gbọ́ tó ń sọ pé, "Olúwa, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Má jẹ́ kó ṣubú." Á sì fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí àdúrà náà gbóná jù, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Àmín," ó sì bá mọ́tò méjì tó ń du igun mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́fà kí Màmá Rọra pé ọgọ́ta ọdún, àwọn ìbejì rẹ̀ bi í léèrè ohun tó fẹ́. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé, wọ́n sì ti fọkàn sí i pé àga onítìmùtìmù ni yóò béèrè.

Ó ní, "Mo fẹ́ lọ sókè òkun lọ wo eré ìje mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, mo sì fẹ́ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ọkọ rẹ̀ gbé ife omi tó ń mu kalẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ìwọ tí o kì í jẹ́ kí n kọjá ọgbọ̀n tí mo bá ń gbé ọ lọ sọ́jà? Tó bá jẹ́ wèrè tó ń wa mọ́tò lo fẹ́ rí, wá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ibẹ̀ ò jìnnà."

"Àwọn yẹn ò mọ̀ ọ́n wà, Bàbá Ìbejì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ni mo fẹ́ rí."

Bàbá ronú títí. Kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, kò sì fẹ́ràn ohunkóhun tí ènìyàn ò lè ní kó dúró kí òun sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "O ò lè dá lọ. Ta ni yóò bá ọ gbé báàgì?"

Bí ìmúra ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin nínú àwọn ìbejì bá wọn kọ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà. Màmá Rọra ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ya ọ̀nà ìje náà sínú rẹ̀, igun kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó wá gbé ọkọ rẹ̀ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, ó to ìdérí ìgò sórí tábìlì bíi mọ́tò, ó ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń dán mọ́tò wò, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń mọ ẹni tí yóò wà níwájú, ọjọ́ Àìkú ni eré gan-an.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Níbo ni ẹni tó bá gbégbá orókè máa dé sí?"

"Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni."

"Kí ló dé tí wọn ò kúkú dúró síbẹ̀?"

Màmá Rọra kó ìdérí ìgò rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

Nígbà tó yá, wọ́n pè wọ́n sí ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìlú ọ̀hún fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú fèrèsé gíláàsì. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ awò ojú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi Màmá Rọra ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Ẹnu ọmọ ènìyàn, tó bá ti ń dùn, kì í mọ ibi tí yóò dúró sí. Màmá Rọra yọ ìwé rẹ̀ jáde. Ó ṣàlàyé táyà, ó ṣàlàyé òjò, ó bi ọ̀dọ́bìnrin náà bóyá igun kẹta sàn ju igun kẹjọ lọ fún ẹni tó fẹ́ ríran dáadáa. Nígbẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń dúró de èyí. Bí mo bá fi lè débẹ̀, ẹ ò ní lè fà mí kúrò."

Bírò ọ̀dọ́bìnrin náà dúró. Ó yíjú sí ọkọ. "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ò fẹ́ lọ o. Ìyàwó mi ló fẹ́ lọ. Tí wọ́n bá lè gbé wa lọ kí wọ́n sì gbé wa padà lọ́jọ́ kan náà, màá dúpẹ́. Orí àwọn ènìyàn ń dúró dè mí nílé."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ìrìnnà wọn padà dé. Wọ́n ti lẹ físà mọ́ ti bàbá. Lẹ́tà ló wà nínú ti Màmá Rọra: kò dá wọn lójú pé yóò padà sílé bí eré bá parí.

Màmá Rọra kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan wa mọ́tò dé àádọ́ta láìgbọ́ "rọra" kankan. Ẹ̀rù ba ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó bi màmá bóyá ara wọn dá.

Bàbá Ìbejì ní tirẹ̀ fi ìwé ìrìnnà pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, bí ẹni tó yọ ẹran nínú ìkòkò. Ojú ń tì í. Àwọn oníbàárà ń kí i kú oríire, ó ń dá wọn lóhùn pé òun ò ní lọ wo eré táyà níbi tí ìyàwó òun ò sí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó pe ìyàwó rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Ìbejì, inú dídùn ló bà ọ́ jẹ́. Ta ní máa ń fi ẹ̀rín gba nǹkan lọ́wọ́ ìjọba? A ó tún fọ́ọ̀mù kọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní àìfẹ́."

Ó gbé e jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń gẹ irun, ó mú kóòmù dání bíi bírò. "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ wo mọ́tò."

"Ojú rẹ ń tàn. Pa á."

"Mo fẹ́ lọ wo mọ́tò."

"Ó tún tàn. Ronú nípa eyín tó ń dunni."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Oníbàárà tó bá wọlé á jókòó pẹ̀lú irun rẹ̀ tí wọn ò tíì gẹ̀, òun náà á máa dá sí i pé ojú màmá ṣì mọ́lẹ̀ jù.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin àgbàlagbà kan ló wà lẹ́yìn fèrèsé. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ó lejú kó lè ràn án lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ lọ wo mọ́tò," ni Màmá Rọra wí, ohùn rẹ̀ wúwo bí òkúta. "Kò wù mí púpọ̀. Orúnkún ń dùn mí."

Ọkùnrin náà ní, "Kí ló wá dé tí ẹ tún fi béèrè lẹ́ẹ̀kejì?"

Màmá Rọra wo ẹ̀yìn. Bàbá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó tún wo iwájú, ọ̀rọ̀ náà sì sú u.

"Ẹ má bínú, sà, irọ́ ni mo ń pa. Ọkọ mi ló kọ́ mi. Ó wù mí, ó wù mí gan-an ni. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n rọra. Mo kàn fẹ́ fi ojú mi rí àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún, ọjọ́ mẹ́ta péré. Màá sì padà, torí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá ló wà lọ́rùn mi, ọ̀kan nínú wọn ò tíì mọ ìyàtọ̀ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì."

Ọkùnrin náà sún mọ́ gíláàsì. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò mọ́tò wíwà."

"Kí lẹ ṣì ṣe?"

"Ẹ̀yìn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn wà á wọ àyè."

Màmá Rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di sítíárìn mú, ó yí ọrùn, ó ní kó wo igun ẹ̀yìn, kó má wo iwájú, kó yí i díẹ̀, kó sì rọra. Ọkùnrin náà ń yí ọwọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Àwọn tó tò sẹ́yìn náà ń yọjú, obìnrin kan tiẹ̀ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe fún òun.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìwé rẹ̀ fi padà dé, físà sì wà nínú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ òfurufú, Bàbá Ìbejì di ọwọ́ àga mú láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n jókòó ní igun kẹta. Ojú ọ̀nà dúdú, ó mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti òkèèrè, kó sì tó di pé wọ́n mọ ohun tó jẹ́, mọ́tò àkọ́kọ́ ti já sí wọn, ó ti wọ igun, ó ti lọ. Ariwo rẹ̀ ń mi àyà wọn lẹ́yìn tó lọ tán.

Omijé ń ṣàn lójú Màmá Rọra. Ọkọ rẹ̀ fò dìde, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ń bi í bóyá àyà ló ń dùn ún, bóyá kí òun wá omi lọ, bóyá kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Mọ́tò kejì ti ń bọ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ń dí mi lójú."