Òkúta Ojú Ọ̀run àti Ọ̀pá Tí Mo Fi Ń Wọnṣọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Monrovia, ní nǹkan bí ọdún 1968, nígbà tí mò ń taṣọ ní ọjà Waterside.

Èmi àti Ìyá Ráfíù, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi, la jọ ń tà. Ìsọ̀ wa fara kanra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò ní òkúta ńlá kan ń bọ̀ lójú ọ̀run, yóò kọjá lẹ́bàá ayé wa lọ́sẹ̀ yẹn. Kọjá ni wọ́n wí o! Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ "kọjá"? Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ọjà ti ń sọ pé ó ń bọ̀ wá já lé wa lórí. Ma Hawa, oníbàárà mi tó jẹ́ ọmọ Liberia, káwọ́ lérí: "My people, da rock coming finish us o!"

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé báwa Mùsùlùmí bá ń lọ sí Mẹ́kà, a máa ń tọrọ àforíjì kiri. Ìrìn àjò ọ̀run sì le ju ti Mẹ́kà lọ!

Ìyá Ráfíù ló kọ́kọ́ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní ohun tí òun bá ti ṣe, èyí tí mo mọ̀ àtèyí tí n kò mọ̀, kí n foríjì òun nítorí Ọlọ́run. Mo ní mo ti foríjì í pátápátá. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó parí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn! Ta ní í ka ẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Èmi ni, ọlọ́gbọ́n ayé! Mo kó àwọn oníbàárà mi jọ, mo sunkún, mo jẹ́wọ́ pé ọ̀pá tí mo fi ń wọnṣọ fún wọn kò pé, mo ti ní kí kápẹ́ńtà gé ìbú ìka méjì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ní àwọn foríjì mí. Ma Hawa tilẹ̀ dì mọ́ mi.

Ọjọ́ pé, òkúta kọjá. A ò rí i, a ò gbọ́ ìró rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ́ ọjà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yà. Mo pe Ma Hawa. Ó ní, "Ol' ma, I forgive you o. But da stick, I can't forget it." Ló bá yà sọ́dọ̀ Ìyá Ráfíù. Ó dùn mí wọ egungun.

Mo wo ọ̀pá tí Ìyá Ráfíù fi ń wọnṣọ fún un. Kápẹ́ńtà kan náà ló gé tiwa méjèèjì kúrú, lọ́jọ́ kan náà! Mo lanu kí n pariwo, mo tún pa á dé. Ṣebí mo ti foríjì í, èyí tí mo mọ̀ àtèyí tí n kò mọ̀?

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn má gé ọ̀pá rárá. Bó bá sì ti gé e, kó jẹ́ kí òkúta kọ́kọ́ balẹ̀ ná!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ìbẹ̀rù ti mú yín fẹnu ara yín jẹ́wọ́ rí? Ẹ sọ fún mi, mo ti foríjì yín. Ṣùgbọ́n n ó wo ọ̀pá yín o.