Píì Tí Reuben Kò Gbọ́

Ìwé tí ọkọ̀ ẹrù fi ń jáde nínú ọgbà ẹrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool Road nítòsí èbúté ni Reuben Dáhùnsí ń tẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń lò, èyí tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ìwé oníkábọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń han létí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí yàrá kejì nítorí ariwo. Ariwo ti ṣe tiẹ̀ kó tó di ìgbà náà.

Ẹ̀rọ yẹn kì í gba àlàyé. Àṣẹ ló mọ̀, nọ́ńbà sì ni àṣẹ. Bí Reuben bá fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti mẹ́rìnlélọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ fáìlì, ẹ̀rọ á gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á sọ lẹ́tà di tín-ín-rín. Àwọn nọ́ńbà náà kì í hàn lórí ìwé. Méje ló fẹ́ràn jù, torí òun ló ń mú kí ẹ̀rọ dún píì. Ìparí ìwé ló ń fi í sí, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó lọ já a.

Etí rẹ̀ wá ń di. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ rò pé àìgbọràn lásán ni. Ẹ̀rù Abọ́sẹ̀dé, ọ̀gá ọgbà, ló ń bà á. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ojú Sylvester tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ń di bàìbàì, ọ̀sẹ̀ tí obìnrin náà gbọ́ gan-an ló ní kó máa lọ sílé. Ta ló sì máa gba Reuben síṣẹ́ ní ọjọ́ orí rẹ̀?

Ó sọ píì di mẹ́ta, ó sọ ọ́ di mẹ́wàá. Gbogbo ọgbà gbọ́, àfi òun. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, Reuben sì di ojú mú. Àwọn awakọ̀ tó ń dúró de ìwé máa ń jókòó lábẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀rọ, níbi tí Reuben ti lè rí wọn. Bí ọ̀kan bá ti dìde, ó mọ̀ pé píì ti dún nìyẹn, òun náà á dìde bí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ dùn mọ́ ọn gan-an.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n pààrọ̀ ìwé ìjáde, Reuben sì tún gbogbo àṣẹ kọ láàárọ̀. Iṣẹ́ lọ dáadáa. Àwọn awakọ̀ ń dìde, òun náà ń dìde. Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́, ó tún fojú wo fáìlì náà. Kò fi méje sí i. Píì kankan kò dún látàárọ̀.

Ó jáde lọ bá Tega, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀, tó ń fi okùn so tapólì mọ́ ẹrù.

"Tega, kí lẹ gbọ́ lónìí tẹ́ ẹ fi ń dìde?"

Tega wo ilẹ̀, ó gbóhùn sókè. "Bàbá, ẹ má bínú. Once the machine noise stop, one of us go stand. Kẹ́ ẹ lè rí wa ni."

"Láti ìgbà wo?"

"E don tey."

Ìtìjú gbá Reuben mú. "Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí Madam gbọ́."

"Madam kẹ̀?" Tega fa okùn náà le. "Na Madam talk am o. Wọ́n ní ẹni tó bá gbàgbé láti dìde, ìwé tiẹ̀ ló máa kẹ́yìn."

Reuben ní kó tún un sọ, bẹ́ẹ̀ ó ti gbọ́ ọ.