Ìwé Màmá Tí Mo Pa Rẹ́

Òórùn rọ́bà wáyà tuntun ni mo fi máa ń rántí ọ́fíìsì wa ní Kaduna láyé ìgbà náà, òun pẹ̀lú eruku ọyẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kọ̀ǹpútà méjìlá la ní, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáyà so gbogbo wọn mọ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó wà nínú yàrá mi. Bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nígbà náà nìyí: bí a bá fẹ́ fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà kan, a ó jókòó tì í, a ó máa ki díìsìkì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa dáhùn ìbéèrè rẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa roni.

Èmi ò fẹ́ ìyẹn. Mo kọ fáìlì kékeré kan tó ti dáhùn gbogbo ìbéèrè sílẹ̀: orúkọ ẹ̀rọ, èdè tí yóò lò, bóyá kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni mo kọ sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Mo ti ní kí gbogbo èèyàn kó iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn sórí ẹ̀rọ ńlá. Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, nígbà tí wọ́n lọ kírun, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ méjìlá ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹnikẹ́ni níwájú wọn. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó kọ́lé.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá tó ń bá wa tẹ̀wé, opó kan tó ń gbé ní àdúgbò Nasarawa, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní òun ò rí ìwé òun mọ́. Mo ní ṣebí iṣẹ́ ọ́fíìsì wà lórí ẹ̀rọ ńlá.

"Kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Tèmi ni."

Ó ti tó ọdún kan tó ti ń lo àkókò oúnjẹ ọ̀sán láti kọ ìtàn kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìtàn bí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá sí Kaduna, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè kà á. Mo wá a títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí níbì kankan.

"Yi haƙuri, Mama," mo fi Hausa bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Mo ń gbọ́ Yorùbá nílé, ṣùgbọ́n Hausa ni mo fi ń dá àwọn òbí mi lóhùn.

Ó ní, "Fi Yorùbá bẹ̀ mí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ̀bi rẹ ni lóòótọ́. Gbé àga wá sọ́dọ̀ mi lọ́la."

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń sọ ìtàn náà fún mi ní Yorùbá, tí mo ń tẹ̀ ẹ́, lójoojúmọ́ lákòókò oúnjẹ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síta, á fi bírò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, á sì ṣàlàyé èyí tí kò yé mi. Ó sọ bí obìnrin kan ṣe kí i ní "Sannu da zuwa", ìyẹn káàbọ̀ ní Hausa, ní ibùdókọ̀ ojú irin, tí òun rò pé ó ń bú òun. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn á ní, "Èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ dùn ju báyìí lọ," màá sì tún bẹ̀ ẹ́.

Oṣù mẹ́rin la fi parí rẹ̀. Látìgbà náà, mi ò fi fáìlì kankan dáhùn ìbéèrè pípa nǹkan rẹ́ yẹn mọ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni mo máa ń jẹ́ kó dáhùn. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé ta ló kọ́ mi ní Yorùbá tó báyìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé obìnrin kan ni, tí mo pa iṣẹ́ ọdún kan rẹ̀ rẹ́, tí kò sì lé mi.