Domitille, Ayàwòrán Inú Ọkọ̀ Awọ Béfà

Kò sí orúkọ burúkú tí wọn ò tíì pe Domitille Ranger ní Lachine, ìlú etí odò. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Àwọn sísítà kọ́ ọ ní àwòrán kó lè máa kun ère ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí odò gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ère sú u. Ó ní àwọn tó ń wa ọkọ̀ èèpo igi lọ ra awọ ẹranko odò tí wọ́n ń pè ní béfà lòun fẹ́ máa yà, káyé lè mọ̀ wọ́n. Ọdọọdún ló ń bá wọn lọ, ọdọọdún ni wọ́n ń yọ ṣùtì sí i.

Narcisse, àgbà tó ń dúró níwájú ọkọ̀ láti darí rẹ̀, ló burú jù.

"Ìyá ayàwòrán, lọ sebẹ̀ fọ́mọ ẹ!"

"Mi ò bímọ."

"Mo mọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì lo bí!"

Gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà!

Lọ́dún kan, wọ́n dé ibi tí odò ti ń bú ramúramù láàárín àpáta. Èrò kì í jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀, nítorí náà Domitille ń rìn bọ̀ létí odò, ó ń yàwòrán. Ojú rẹ̀ ni àyà ṣe já Narcisse, tó ju àjẹ̀ sílẹ̀, tó di etí ọkọ̀ mú. Gbàgà! Ọkọ̀ ya, ẹrù bómi lọ.

Nígbà tí wọ́n lẹ ọkọ̀ náà, tí wọ́n dé ibùdó tí wọ́n ti ń ra awọ, Narcisse ní Sawatis, ọmọ onílẹ̀ láti abúlé Kahnawake tó ń tukọ̀ láti ẹ̀yìn, ló fà á. Àwọn tó kù rí òtítọ́, àmọ́ ará abúlé Narcisse ni gbogbo wọn. Wọ́n gbè é lẹ́yìn. Ọ̀gá ibùdó ní Sawatis ò ní fọwọ́ kan àjẹ̀ àwọn mọ́ láéláé.

Inú bí Domitille. Ó tẹ́ àwòrán rẹ̀ síwájú ọ̀gá: Narcisse tó di etí ọkọ̀ mú, tí àjẹ̀ rẹ̀ ń bómi lọ.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màdáámú, ṣé àwòrán ń jẹ́rìí ni? Ẹ lè ya ẹṣin tó ń fò."

Ká ní Narcisse dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò dákẹ́. Ó já ìwé náà gbà, ó sọ ọ́ sínú iná.

Ọ̀gá yíjú sí i. "Narcisse, mo ní àwòrán yẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Kí ló wá ká ẹ lára?"

Àwọn ará abúlé Narcisse ń wolẹ̀. Ọ̀gá bá dá àjẹ̀ padà fún Sawatis.

Nígbà tí ọkọ̀ tún ṣí, Sawatis ló dúró níwájú. Àárín ni Narcisse jókòó, láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Domitille ò ṣàánú rẹ̀ rárá. Ó mú ìwé mìíràn jáde.

"Baba Narcisse," ló wí, "ẹ gbójú sókè díẹ̀, káyé lè dá yín mọ̀."